Fífi oòrùn ba oògùn apakòkòrò jẹ́ nínú omi: bí ẹ ṣe lè ṣe asẹ́ oníìmọ́lẹ̀ kékeré, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Tí ènìyàn bá gbé kápúsù tetracycline mì, ìyẹn ọ̀kan lára oògùn apakòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní antibiotic, ara kì í lò ó tán. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde bó ṣe wọlé gẹ́lẹ́. Á gba ṣaláńgá wọ ilẹ̀, á gba gọ́tà wọ odò. Èyí tí olóko adìyẹ pò mọ́ omi mímu adìyẹ rẹ̀ náà ń bá ìgbẹ́ jáde, tí òjò bá sì rọ̀, àgbàrá á gbé e lọ. Ìwọ̀n tó ń dé odò kì í sábà tó èyí tó lè pa kòkòrò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: èyí tó lágbára díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò náà á yè é, á bí ọmọ, àwọn ọmọ á jogún agbára yẹn, títí wọn yóò fi di èyí tí oògùn ò ràn mọ́. Lọ́dún 2019 nìkan, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ló fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn lágbàáyé ní tààrà. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ tẹ èsì àyẹ̀wò odò 258 ní orílẹ̀-èdè 104 jáde, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin ibi tí wọ́n ti bu omi, wọ́n rí oògùn kan, ó kéré tán, tó ju ìwọ̀n tí kò léwu fún àwọn ohun abẹ̀mí inú odò lọ, tàbí tó pọ̀ tó láti sọ kòkòrò di alágbára.

Álọ́ọ̀mù ń mú kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀ ni, omi á mọ́ lójú, àmọ́ èyí ò ní ká sọ pé oògùn tó ti yọ́ sínú omi ti bá a lọ. Sísè náà ò tó: ẹ fi cipro, oògùn apakòkòrò mìíràn, síná títí omi fi hó, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan wà tó ń fọ́ oògùn náà sí wẹ́wẹ́ nínú omi, oòrùn ló sì ń fún un lágbára. Mo ti ń ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kẹ́mísìrì fún ọdún mélòó kan báyìí. Fífi ìyẹ̀fun tó ń ṣe iṣẹ́ náà kun gíláàsì kò le. Ohun tó le ni kí ẹ lè fi òótọ́ inú sọ pé oògùn ti kúrò nínú omi, ibẹ̀ sì ni mo máa pẹ́ sí jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Kí n tètè sọ ọ́: asẹ́ yìí kì í ṣe ti omi mímu. Ti yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ti ẹni tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mu nínú omi tó bá jáde níbẹ̀, ì báà mọ́ tó bí omi ojú ọ̀run.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Titanium dioxide ni ìyẹ̀fun funfun tí a fẹ́ lò, òun kan náà ló ń sọ ọ̀dà ilé di funfun. Tí ìtànṣán UV, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí, bá ti inú oòrùn bọ́ sórí rẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á fò kúrò ní ipò rẹ̀, àyè rẹ̀ á sì ṣófo. Àyè tó ṣófo yìí kì í lè dúró bẹ́ẹ̀. Ó máa já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ omi tó bá wà nítòsí, omi náà á sì di ohun tí wọ́n ń pè ní hydroxyl radical. Ẹ̀mí ohun yìí ò gùn rárá, kì í tó ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá bá pàdé ló máa bù jẹ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fò lọ á gun ọ́síjìn inú omi, ìyẹn náà á di ajẹnirun. Láàárín àwọn méjèèjì, oògùn á máa já sí wẹ́wẹ́. Bí a bá fún wọn láyè tó, á kù sí omi, kábọ́nù dáyọ́ksáìdì àti iyọ̀ díẹ̀. Ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ kì í bá iṣẹ́ yìí tán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní amúṣẹ́yá fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Akira Fujishima àti Kenichi Honda, àwọn ará Japan, ló kọ̀wé ní 1972 pé ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sórí titanium dioxide lè ya omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀.

Ẹ fi nǹkan mẹ́ta sọ́kàn láti inú àlàyé yìí. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ara ìyẹ̀fun, oògùn gbọ́dọ̀ fara kan án, ọ́síjìn sì gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Ìdí nìyẹn tí omi wa ò fi ní jìn, tí a ó sì máa rò ó lemọ́lemọ́. UV tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò ju bíi nánómítà 387 lọ nìkan ló lè ta ìyẹ̀fun yìí jí, gbogbo UV inú oòrùn pátá kò sì ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Gílóòbù inú yàrá ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Oòrùn gidi ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ra ìyẹ̀fun tó tọ́

Ibí ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ọ̀dà, mo béèrè títáníọ̀mù, wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi, ó funfun báláú, owó rẹ̀ ò sì ga. A kùn ún, a sun ún, a gbé e sóòrùn láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kò sóhun tó ṣe omi náà. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi. Ìyẹ̀fun ọ̀dà ni mo rà, àwọn tó ń ṣe ìyẹ̀fun ọ̀dà sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi álúmínà tàbí sílíkà bo hóró rẹ̀ lára ni, kí oòrùn má baà ta á jí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dà ara ilé yín ì bá ti jẹ ara rẹ̀ tán, kó sì máa yọ lẹ́búlẹ́bú. Ohun tó dára fún ògiri ni kò dára fún iṣẹ́ tiwa.

Bí átọ́ọ̀mù inú hóró titanium dioxide ṣe tò ló ń pín in sí oríṣi, anatase àti rutile wà lára wọn. Oríṣi tí ẹ máa béèrè ni anatase tí wọn ò fi nǹkan kan bò. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń lò jù ni P25 tí iléeṣẹ́ Evonik ń ṣe: nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 jẹ́ anatase, ìyókù jẹ́ rutile, hóró rẹ̀ sì kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju nánómítà 20 lọ. Àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún yàrá àyẹ̀wò lè bá yín wá a. Gíráàmù 12 ti tó.

Bó ti kéré yẹn náà ló fi léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé, IARC, kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ tí ènìyàn bá ń fà á símú. Ẹ wọ ìbòmú tó dára àti ìbọ̀wọ́, ẹ pa fáànù, ẹ sì wọ́n omi díẹ̀ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Tó bá ti tutù, kò tún ní fẹ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: gíláàsì

Ẹ ní kí oníjíláàsì gé gíláàsì fèrèsé méjìlá fún yín, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ńtímítà 15, kó fẹ̀ ní 10. Mẹ́rin nínú wọn á kún abọ́ kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sí 30. Abọ́ gíláàsì tí wọ́n fi ń yan oúnjẹ nínú ofíìnì ni kí ẹ wá, mẹ́ta. Ẹ má lo ike, nítorí hydroxyl radical ò mọ̀ pé oògùn nìkan la rán òun sí, á jẹ ike náà. Ẹ fi sáńpépà omi ha ojú kan gíláàsì kọ̀ọ̀kan títí kò fi ní dán mọ́, kí ìyẹ̀fun lè rí ibi dì mú. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ má fọwọ́ kan ojú tí ẹ ha mọ́. Gbogbo méjìlá lẹ máa ha, àmọ́ mẹ́jọ lẹ máa kùn.

Gíláàsì borosilicate, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ohun èlò yàrá àyẹ̀wò, dára ju ti fèrèsé lọ, torí sódíọ̀mù inú gíláàsì fèrèsé máa ń rìn wọ inú ìyẹ̀fun nígbà tí a bá ń sun ún, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ti fèrèsé ni èmi ń lò, ó sì ń tó fún ìkọ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: pípò

Ẹ bu ṣíbí fíníga kan sínú ogún ṣíbí omi dísítílì. Omi dísítílì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa, ásíìdì bátìrì náà máa ń wà nínú irú ike kan náà. Ẹ da gíráàmù 12 ìyẹ̀fun sínú odó kékeré, kí ẹ máa kán omi fíníga yìí sí i ní mílílítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa lọ̀ ọ́ títí ìkọ̀ọ̀kan fi wọ̀ ọ́ kí ẹ tó kán òmíràn. Ẹ ó lo tó mílílítà 20 lápapọ̀. Ẹ má kánjú dà á. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan á rí kókó, kókó ò sì ní dì mọ́ gíláàsì. Nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí ọ̀dà tó ki díẹ̀, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ ẹyọ kan sí i, ẹ rọra rò ó kó má baà hó, ẹ sì bò ó fún ìṣẹ́jú 15.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíkùn àti sísun

Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ etí méjèèjì tó gùn lára gíláàsì, ẹyọ kan péré, torí nínípọn sẹ́lótéèpù ló máa sọ bí ohun tí a kùn ṣe máa nípọn tó. Ẹ ro ìpò náà sí orí kan, ẹ fi ọ̀pá gíláàsì fà á lọ sí orí kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ń fà á lọ fà á bọ̀, á ṣe wúruwùru. Ó máa ń wu àwọn ọmọ láti kùn ún nípọn, wọ́n rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó. Èyí tó nípọn máa ń ṣí bí èèpo tó bá gbẹ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá, ẹ tú sẹ́lótéèpù.

Ìgbóná 450°C ni ẹ máa sun ún fún ìṣẹ́jú 30. Ofíìnì ilé ìdáná ò lè dé ibẹ̀. Ààrò oníná mànàmáná inú yàrá àyẹ̀wò ni, tàbí ti àwọn tó ń ṣe ìkòkò òde òní, tó bá ti ní ohun tí wọ́n fi ń wo ìgbóná. Ẹ jẹ́ kí iná gùn díẹ̀díẹ̀, ẹ pa á tán kí ẹ sì fi gíláàsì sílẹ̀ nínú ààrò títí yóò fi tutù fúnra rẹ̀, bóyá di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn kí ọjọ́ tó pé á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sán. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 600°C, torí anatase á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di rutile, gíláàsì fèrèsé yín náà á sì fẹ́ máa rọ̀. Láàárín kan nínú ààrò, ohun tí ẹ kùn á pọ́n bí àwọ̀ búrẹ́dì, lẹ́yìn náà á padà funfun. Àmì rere ni: ọṣẹ àti fíníga ti jó tán nìyẹn.

Ẹ ṣan gíláàsì lábẹ́ omi tó rọra ń ṣàn títí omi tó ń kán sílẹ̀ ò fi ní rí bíi mílíìkì mọ́. Èyí tó bá máa ṣí, ibẹ̀ ni kó ti ṣí, kó má jẹ́ inú ìdánwò yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: omi oògùn

Ẹ ra kápúsù tetracycline 250 mílígíráàmù kan lọ́dọ̀ apòògùn, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá. Èyí tó ti pẹ́ jù lè ti bàjẹ́ nínú ara rẹ̀, kò sì ní lágbára tí ẹ rò pé ó ní. Ẹ tú u sínú lítà kan omi dísítílì, ẹ rò ó, ẹ fi bébà ìsẹ́ yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ẹ bu mílílítà 160 nínú rẹ̀, ẹ fi omi dísítílì mú un dé lítà méjì. Mílígíráàmù 20 ló wà nínú lítà kan báyìí. Èyí pọ̀ gan-an ju ohun tí à ń rí nínú odò lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àti ọwọ́ wa lè wọ̀n là ń wá.

Ẹ kọ “OÒGÙN NI, Ẹ MÁ MU” gàdàgbà sára gbogbo ìgò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: abọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan

Bí ẹ bá gbé abọ́ kan ṣoṣo sóòrùn tí oògùn sì kúrò, ta ló lé e lọ? Ó lè jẹ́ ìyẹ̀fun. Ó lè jẹ́ oòrùn nìkan, torí tetracycline kì í fara da oòrùn. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn náà kàn lẹ̀ mọ́ ara ìyẹ̀fun ni, tó sá pamọ́ síbẹ̀. Abọ́ kan ò lè dáhùn gbogbo èyí.

Abọ́ kìíní ní gíláàsì mẹ́rin tí a kùn, oòrùn ló ń lọ. Abọ́ kejì ní gíláàsì mẹ́rin tí a ò kùn, oòrùn lòun náà ń lọ. Abọ́ kẹta ní gíláàsì tí a kùn, ṣùgbọ́n ẹ ó fi fóìlì wé e láti orí dé ìdí, kí ìmọ́lẹ̀ má rí ibi wọlé, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì yòókù kí ooru tó bá wọn lè bá a. Ẹ bu mílílítà 500 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi náà ò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà kan lọ ní jíjìn. Ìyókù, ẹ gbé e sínú fíríìjì nínú ìgò tí ẹ fi fóìlì wé. Òun ni ẹlẹ́rìí wa.

Kí ẹ tó gbé wọn sóòrùn, ẹ bo gbogbo wọn nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 30. Èyí tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun, kó lẹ̀ mọ́ ọn lásìkò yìí.

Ìgbésẹ̀ keje: oòrùn

Láti bí aago 9:30 àárọ̀ sí aago 3:30 ọ̀sán, ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹ fi gíláàsì fèrèsé tín-ínrín bo abọ́ kí eruku má wọ̀ ọ́. Gíláàsì lásán ń jẹ́ kí èyí tó pọ̀ nínú UV tí à ń wá kọjá. Ẹ fi máákà sàmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ sì máa fi omi dísítílì dí èyí tí oòrùn bá fà lọ, kí oògùn má baà ki sí i, kó sì ṣì yín lọ́nà. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi ọ̀pá gíláàsì rò ó láì ha ohun tí ẹ kùn, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀run á dín UV kù, ọjọ́ kan lè má tó. Nígbà òjò, kùrukùrù máa ń jẹ́ kí UV díẹ̀ kọjá, ẹ kàn máa nílò sùúrù ni.

Bí wákàtí bá ti ń lọ, ẹ lè rí i pé omi náà ò mọ́ sí i, kàkà bẹ́ẹ̀ ó ń dà bíi tíì tó ṣàn. Ẹ má dáyà fò. Èérún tetracycline tó kọ́kọ́ já ló ní àwọ̀ yẹn. Ìdí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ ṣèdájọ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi aró methylene blue dán asẹ́ báyìí wò, ìlànà àgbáyé kan tiẹ̀ wà fún un, ISO 10678, ó sì dára láti fi fa ojú àwọn ọmọ mọ́ra. Ṣùgbọ́n aró kì í ṣe oògùn. Aró tó ṣá ò sọ ohunkóhun fún yín nípa tetracycline.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ jẹ́ kí yógọ́ọ̀tì jẹ́rìí

Yàrá àyẹ̀wò ńlá ní ẹ̀rọ tó lè ka oògùn inú omi tààrà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò ní in. Ohun tí a ní ni kòkòrò tí kò léwu, tí oògùn yìí sì máa ń dá dúró: kòkòrò inú yógọ́ọ̀tì. Àwọn tó ń ṣe wàrà mọ̀ ọ́n tipẹ́, pé tí wọ́n bá fún màlúù ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò, mílíìkì rẹ̀ kì í dì. Àléébù tiwọn ni a sọ di ohun èlò.

Ẹ wá ife gíláàsì kéékèèké mẹ́sàn-án, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mílílítà 50 omi máa lọ. Èkíní, omi dísítílì lásán. Èkejì, omi ẹlẹ́rìí inú fíríìjì bó ṣe wà, ìyẹn mílígíráàmù 20 nínú lítà kan. Ẹ̀kẹta, ẹ là á pẹ̀lú omi ní ìlọ́po méjì, ó di 10. Ẹ̀kẹrin, ẹ tún un là, ó di 5. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé 2.5 àti 1.25. Àwọn mẹ́ta tó kù ni ti abọ́ kìíní, kejì àti kẹta. Ẹ gbé gbogbo wọn sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí wọ́n á fi dé bíi 43°C. Ẹ po ṣíbí ìjẹun kan mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi gíráàmù 7, kí ó dọ́gba. Ẹ fi ṣíbí tíì kan yógọ́ọ̀tì tó ṣì ní ẹ̀mí sí i, èyí tí kò ní ṣúgà àti adùn kankan, ẹ rò ó. Ẹ tò wọ́n sínú kúlà tó ní omi 43°C, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má mì í.

Tí ẹ bá ṣí i, ife omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Tí kò bá dì, yógọ́ọ̀tì yín ti kú kí ẹ tó rà á, tàbí mílíìkì yín ní oògùn nínú, gbogbo ìdánwò náà ti bàjẹ́, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ife 20. Òun ò gbọ́dọ̀ dì. Láàárín àwọn méjèèjì, ibì kan wà tí ìdì ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni agbára ojú yín mọ. Ká ní ife 2.5 ò dì, tí 1.25 dì, ohun tí ẹ lè sọ nípa abọ́ kìíní tó bá dì ni pé oògùn inú rẹ̀ ti wálẹ̀ ju 2.5 lọ. Ẹ ò lè sọ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, láì bù mọ́ ọn, torí ẹni tó bá sọ ju ohun tó rí lọ níbí ti ń ṣini lọ́nà.

Abọ́ kejì lè dì díẹ̀, torí iṣẹ́ oòrùn nìkan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti abọ́ kìíní ni iṣẹ́ amúṣẹ́yá. Tí abọ́ kẹta, tó wà nínú òkùnkùn, bá dì bákan náà pẹ̀lú ti kìíní, a jẹ́ pé gíláàsì yín kàn ń mu oògùn mọ́ra ni, kò bà á jẹ́. Ẹ gbé omi oògùn tuntun lé orí gíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó bá yó, á jẹ́wọ́.

Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tọ́ yógọ́ọ̀tì yìí wò. Ẹ má sì fi ìdánwò yìí ṣèdájọ́ cipro, nítorí kòkòrò yógọ́ọ̀tì kì í gbọ́ràn sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tó bó ṣe yẹ. Oògùn ìdílé penicillin ló máa ń tètè dá a dúró jù.

Nígbà tó bá jẹ́ omi gidi

Omi dísítílì ń tọ́jú asẹ́ yìí bí ọmọ. Ẹ fi omi kànga po oògùn náà lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí i pé nǹkan yí padà. Bicarbonate inú omi kànga ń jẹ nínú hydroxyl radical kó tó dé ọ̀dọ̀ oògùn. Ewé jíjẹrà àti ìdọ̀tí ọ̀gbìn náà ń jẹ nínú rẹ̀, wọ́n tún ń ṣíji bo ìyẹ̀fun. Calcium sì máa ń dì mọ́ tetracycline, èyí lè mú kí oòrùn nìkan tètè bà á jẹ́, débi pé abọ́ kejì lè ṣe dáadáa ju ti àná lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ẹni tó bá fi omi dísítílì ṣe ìdánwò gbọ́ tó bá ní asẹ́ òun á tún odò ṣe.

Ipò tó yẹ irú iṣẹ́ yìí ni ìparí ọ̀nà omi ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, iléeṣẹ́ oògùn àti oko adìyẹ, lẹ́yìn tí iyanrìn ti sẹ́ ẹ, tí kòkòrò rere sì ti jẹ èyí tó lè jẹ nínú rẹ̀. Ní Almería lórílẹ̀-èdè Spéènì, ibùdó ìwádìí oòrùn kan wà tí wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ń ṣàn nínú ọ̀pá gíláàsì, dígí tó tẹ̀ kọdọrọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń da oòrùn sí i lára. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí omi ìdọ̀tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn apakòkòrò. Ó dùn mọ́ mi, nítorí ibi tí oògùn ti pọ̀ jù nínú omi ló rọrùn jù láti ti gbá a mú. Tó bá ti dé odò, ó ti fọ́n ká.

Àwọn kan á bi yín nípa ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní carbon nitride, tó lè lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí títí dé bíi nánómítà 460. Òótọ́ ni, melamine tàbí yúríà ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ní ìgbóná bíi 550°C. Ẹ má dán an wò nílé tàbí ní kíláàsì. Èéfín ammonia tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe ohun àmúṣeré, ó fẹ́ yàrá tó ní ohun tó ń fa èéfín.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ má da omi oògùn tó ṣẹ́kù sí gọ́tà. Ó máa burú gan-an kí àwa tó ń wá bí omi á ṣe mọ́ tún jẹ́ ẹni tó ń bà á jẹ́. Ẹ dà á padà sínú abọ́ tó ní gíláàsì tí a kùn, ẹ fi sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fi yógọ́ọ̀tì dán an wò kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá ki, ìyẹn lítà tí ẹ kọ́kọ́ tú kápúsù sí, ẹ kọ orúkọ sí i lára, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ń sun ìdọ̀tí oògùn. Yógọ́ọ̀tì inú ife náà, ẹ sè é kó hó, ẹ dì í, kí ó bá ti ilé ìwòsàn lọ.

Gíláàsì tí ẹ kùn á ṣeé lò lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ẹ bu omi dísítílì lásán sí i, ẹ tún fi sóòrùn fún wákàtí mélòó kan, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á jó dànù. Bó bá ti ń yọ lẹ́búlẹ́bú tí ẹ fọwọ́ pa á, tàbí tí omi rẹ̀ ń rí bíi mílíìkì, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ rẹ ẹ sómi, ẹ fi sáńpépà omi ha á kúrò nígbà tó ṣì tutù, ẹ wọ ìbòmú, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kẹta.